Àpò

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń rán àpò sára aṣọ ẹlòmíì
nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó kọjú sí ọ̀nà Ìjẹ̀rù:
àpò ṣòkòtò, àpò bùbá,
àpò ìkọ̀kọ̀ tí àwọn àgbàlagbà ń ní kí n fi sínú
kí owó wọn má bàa rójú ayé.
N ò mọ̀ pé àpò tèmi ń bọ̀.

Inú mi bàjẹ́.
Ẹ má pè é ní ìbànújẹ́, bó ṣe rí gan-an ni mo sọ ọ́.
Ìfun mi bàjẹ́, ó dá egbò, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.
Dókítà Àjíbíkẹ́ pè é ní Króònù.
Ìyá ọkọ mi ò rí i pè, ó ń pè é ní "kinní yẹn",
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àlejò tí kò fẹ́ kó gbọ́.

Mo mọ gbogbo ṣáláńgá láti Tákìé dé Àpákẹ́.
Mo mọ èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì.
Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ tí wọ́n bá rí mi lókèèrè.
Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ṣègbéyàwó,
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ "Mo gbà",
ohùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi.

Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun,
abẹ́rẹ́ wá ń jẹ mí.
Oyèníran ta ọ̀kadà rẹ̀ nítorí mẹ́ta péré.
Èkíní ṣiṣẹ́. Èkejì ń ronú. Ẹ̀kẹta dákẹ́.
Téèpù mi kì í purọ́: ìbàdí mi ti dín ní ínǹṣì mẹ́sàn-án.

Ni dókítà bá yọ gíláàsì ojú rẹ̀.
"A ó gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò,
a ó fa orí ìfun jáde síkùn,
a ó fi àpò gbà á. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á máa gbà."
Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀.
Mo ní rárá.
Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sọ rárá.

Mo ń ro òórùn. Mo ń ro ojú Oyèníran lálẹ́.
Mo ń ro oníbàárà tó máa wá wọn aṣọ, tó máa yínmú.
Ìyá ọkọ mi ní ká fi ààwẹ̀ kún un. A gbà á.
Ebi pa èmi, kò pa kinní yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n mú mi lọ
sọ́dọ̀ Alàgbà Olúokun tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Masífà.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn gbé bùbá sókè:
ohun pẹlẹbẹ kan, ó lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.
Ọdún kẹsàn-án rèé. "Sìmẹ́ńtì nìkan ni n kì í gbé mọ́," ó ní,
ló bá bu iṣu sísun, ó tì í bọ epo, ó ń jẹ ẹ́.
Ẹkún gbọ̀n mí.
Kì í ṣe nítorí àpò.
Nítorí iṣu.

Mofólúwaṣọ́ ọmọ mi bi mí pé,
"Ṣé àpò yẹn máa ní bọ́tìnnì?"
Oyèníran ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà:
"N ò fi ìfun ṣe ìyàwó."
Mo fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Nọ́ọ̀sì dé ti òun ti bírò.
"Ẹ dìde. Ẹ jókòó. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀.
Níbo lẹ máa ń ró ìró sí?"
Ó fa àmì róbótó kan síkùn mi.
Mo wò ó. Mo wò ó dáadáa.
Mo ní kó yá mi ní bírò.
Mo sún un wálẹ̀ ní ìka méjì,
síbi tí ìró ò ti ní fún un mọ́lẹ̀.

Ó ní ṣé ó dá mi lójú?
Aránṣọ ni mí, àǹtí.
Mo mọ ibi tí àpò ń gbé.