Àgò Onílé

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ilẹ̀ ò tíì ṣú.
Ní Fáróè, lóṣù Keje, oòrùn kì í fẹ́ lọ sùn,
bí ọmọdé tí àlejò wà nílé wọn.

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko tútù lẹ́yìn ògiri òkúta,
mo ta okùn funfun láti èèkàn dé èèkàn,
mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóòró.
Ihò tó bá bọ́ sáàárín, tèmi ni lálẹ́ yìí.

Ti lundi kò ṣòro í mọ̀: ẹnu ihò rẹ̀ gbòòrò,
ó su síwájú ilé bí ẹni tí kò ní aládùúgbò.
Èyí tí mo ń wá kò gbà ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ.
Drunnhvíti là ń pè é, abìdí-funfun,
ẹyẹ tí kò tó ẹ̀kúnwọ́, tó ń gbé orí òkun,
tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń mọ̀nà ilé.
Bí aláǹtakùn bá ti ta òwú dí ẹnu ọ̀nà,
má wulẹ̀ kúnlẹ̀. Onílé ti kó lọ.
Bí ihò bá ń rùn bí epo àtùpà àtijọ́,
bí ẹ̀wù tí apẹja gbàgbé sísàlẹ̀ àpótí,
fa ìwé yọ.

Hanus, bàbá mi, kò ta okùn rí.
Apá rẹ̀ ni ìwọ̀n. A tì í wọlẹ̀ títí dé èjìká,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ koríko, a di ojú,
a ní, "Ẹyin kan. Ó ṣì gbóná."
Tàbí, "Ó bù mí jẹ. Ó wà nílé."
N kò ní purọ́: ìkòkò ìyá mi ló ń dúró de iye tó bá pè.

Rannvá tó ni ìwé kò gbà kí ọwọ́ wọlé.
Ẹyin kan péré ni lọ́dún, ó ní,
bí àyà ìyá bá já, ọdún yẹn lọ nìyẹn.
Ẹ̀rọ kékeré ló fún mi, ohùn akọ wà nínú rẹ̀:
kíkùn ọ̀fun bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó jìnnà,
lẹ́yìn náà òsúkè kan, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há.
Mo gbé e sẹ́nu ihò. Àgò onílé o.
Mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀ẹ́dógún.
Odo.
Ihò kejì, odo.
Ìkẹta, àgùntàn ti tẹ̀ ẹ́ wó.
Ìkẹrin, ìyẹ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan: ológbò abúlé.
Ìkarùn-ún, ilẹ̀ kùn lábẹ́ orúnkún mi.
Àgò yà.
Mo gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Rannvá ní wọ́n ti dán an wò:
nínú márùn-ún tó wà nílé, méjì ló ń jẹ́ni.
Nítorí náà, ìdáhùn kan di méjì ààbọ̀ nínú ìwé.
Mo bi í pé ààbọ̀ ẹyẹ wo nìyẹn, orí ni tàbí ìdí?
Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa ààbọ̀ rẹ́.

Láti oṣù Kìíní ni àrùn ti mú ahọ́n bàbá mi.
Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, ó kọjú sí èbúté.
Aago mẹ́ta òru ni mo délé, kò tíì sùn.
Mo ní, "Bàbá, mọ́kànlélógójì."
Mo dákẹ́. Èmi náà ni mo ń kà lábẹ́nú,
mo kọjá ẹ̀ẹ́dógún, mo dé ọgbọ̀n.

Ó fa ọwọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀.
Ó ká apá ẹ̀wù mi sókè, díẹ̀díẹ̀, títí dé èjìká,
ó ń wá erùpẹ̀ níbẹ̀.
Apá mi mọ́ tónítóní.
Ó wò mí bí a ti ń wo ẹni tó ń pa irọ́ ọdẹ.

Lọ́la, apá ìwọ̀-oòrùn. Ọgọ́ta ihò, bóyá jù bẹ́ẹ̀.