Òkè Inú Páálí Firíìjì

Idwal kọ̀, kò ra òkè.
Ó ní òkè kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ,
owó búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń pè é.
Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo Blaenau wa yìí,
òkìtì àfọ́kù òkúta tí àwọn baba wa gbẹ́ jáde nínú ilẹ̀,
tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí ẹnikẹ́ni kò dá lé.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà òjò rẹ̀.

Àwọn Parry ṣẹ̀ṣẹ̀ ra firíìjì ni.
Fóòmù funfun tí wọ́n fi dì í,
ó gbé e wálé nínú òjò bí ẹni gbé ìkókó.

Láti ọjọ́ náà, n kò ní ilé ìdáná mọ́.
Ewé tíì tí mo bá mu kù, ó ń sá a sórí ìwé ìròyìn,
ó ní ilẹ̀ igbó ni, ní ìgbà tí igi ń wọ́wé.
Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí ní ibùdókọ̀ ojú irin,
ẹ̀kúnwọ́ ló bù sápò níṣojú mi.
Ojú tì mí. Ó di afárá.
Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ;
ogun Idwal, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ,
ó sì pa kànrìnkàn mi:
ó gé e wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà,
ó di igbó.

Mabli, ọmọ ọmọ wa, ló rí ọ̀dà alágolo,
èyí tí a fi kun ilẹ̀kùn mọ́tò.
Ó fín in sí òkè náà, kó lè dà bí òkúta.
Fóòmù hó ṣùùù,
ó ń yọ́, ó ń jẹ ara rẹ̀,
ìdajì òkè rì sínú ara rẹ̀ lójú wa.
Ọmọ bú sẹ́kún.

Idwal kò sọ̀rọ̀.
Ó wá awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ba lé kòtò náà.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Ó ní, “Ibi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ nìyí.”
Wọ́n fi igi ìṣáná ṣe àkàbà, òun àti ọmọ,
títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hefin máa ń wá
(Idwal kò ṣẹ́gun rí lọ́jọ́ náà).
Ó to ọmọ ogun rẹ̀, wọn ò ju oríkèé ìka lọ,
ó gbé àgbá sí etí kòtò, ó mi dáìsì lọ́wọ́.
“Má yìn ín síbẹ̀,” ni Idwal wí. “Èèyàn wà nísàlẹ̀.”
Hefin bẹ̀ ẹ́ wò. Kò séèyàn.
Ó gbé àgbá rẹ̀ kúrò.

Wọ́n ṣì na Idwal.
Láàárọ̀, igbó kan léfòó nínú ife tíì mi.
Mo fi ṣíbí yọ ọ́, mo fọn omi ara rẹ̀,
mo dá a padà sí etí kòtò.