Ìlà Kẹta Láti Ìsàlẹ̀

Fẹ̀hìntọ́lá, fa àga sún mọ́ tábìlì.
Pa fáànù yẹn, kó má baà gbé ìwé wa lọ sí Báríga.
Ojú tí o fi ń wo ojú-ewé yìí
ni mo fi wò ó lọ́dún kìíní tí mo dé Ṣómólú,
nígbà tí bàbá rẹ ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan,
tí tádàwà kì í kúrò léèékánná rẹ̀, àní lọ́jọ́ Àìkú.

O rí mílíọ̀nù márùndínlógójì,
o bú sẹ́kún.
O ní, "Ṣé gbèsè tí bàbá mi jẹ kó tó kú ló tó báyìí?
Ẹ jẹ́ ká ta ẹ̀rọ, ká sanwó olówó, ká lọ sùn."

Nu ojú rẹ. Gbèsè ju gbèsè lọ.
Owó bébà tí a kó ní Muṣin,
oṣù kan ààbọ̀ ni wọ́n fún wa.
Owó iná, owó tádàwà, owó ọkùnrin tó tún jẹnẹrétọ̀ ṣe:
wọ́n wà lókè níhìn-ín, lára ohun tí a ó san kí ọdún tó yí.
Àwọn ni kó o máa rò lóru.
Èyí tó jókòó nísàlẹ̀,
òkèèrè ló ti ń wò wá, bí ọkọ̀ òkun tó dúró lẹ́yìn Apápá
tí iná rẹ̀ ń tàn, tí kò tíì wọlé.

Ogójì mílíọ̀nù la yá ní báńkì kan ní Màrínà,
ọdún mẹ́jọ, márùn-ún lọ́dún.
Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn Oṣù Kejìlá,
èmi fúnra mi ni mo ń gbé márùn-ún
kúrò nísàlẹ̀ lọ sókè,
bí ẹni ń jí ọmọ kan nínú yàrá: dìde, ó kàn ọ́.
Ogún ọdún ń bọ̀, ọ̀la ni.
Ìwé yìí ló ń bá wa ka ọ̀la náà.

Èlé ńkọ́? Èlé kì í dúró ya fọ́tò.
Inú ìwé èrè òun àdánù ló ti ń jẹun,
lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ọdún.
Bí èrè iṣẹ́ wa bá tó o lọ́nà mẹ́ta, sùn.
Bó bá ku ẹyọ kan, dìde.

Wo òdìkejì wàyí.
Ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rin tó ń mi ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ wà yìí,
òun nìyẹn.
Bí Lámídì bá ń bu epo sí i déédéé, yóò lo ọdún mẹ́wàá.
Gbèsè yóò kú kí ohun tó rà tó kú.

Mo ti rí irú kejì.
Lọ́dún kan, bàbá rẹ fi owó oṣù mẹ́ta ra ẹ̀rọ ìgé-bébà.
Oṣù mẹ́ta pé, abẹ rẹ̀ ò tíì gé nǹkan kan tó mówó wọlé.
Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ó so táì,
ó gbé àga oníke sẹ́nu géètì, ó jókòó.
Kò pariwo. Kò bú ẹnikẹ́ni.
Ìyá bàbá rẹ ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé, ó wò ó títí,
ó ní, "Ológò tún ti padà sáyé ni?"
Ọjọ́ mọ́kànlá. A ta mọ́tò.

O ò gbọ́ mi mọ́. Ìka rẹ ti wà lórí ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀:
Owó ìfẹ̀yìntì, òsìṣẹ́ kan,
mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé díẹ̀.
"Èyí ńkọ́? Ta la jẹ?"

Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ ìlà yẹn,
báírò ni tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ni nísinsìnyí,
mo ń bu díẹ̀ lé e, mo ń pa ìwé dé.
Ní Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ ni n ó gbé e gòkè.

Tan fáànù padà, ọmọ mi.
Òun náà ò tíì kan ilẹ̀kùn.