Táǹkì Keje, ní Òru Yorkton

Méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ wí ní aago mẹ́wàá alẹ́,
bẹ́ẹ̀ ló wí ní mọ́kànlá,
bẹ́ẹ̀ náà ló tún wí nígbà tí òru pín sí méjì.
Ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn lé.

Póńpù sì ń kùn. Òróró kànólà ń wọlé,
òróró tí a fún lára irúgbìn dúdú wínníwínní
tí àwọn àgbẹ̀ Saskatchewan kó wá kí yìnyín tó bo oko.
Ta ló ń jẹun láti ìrọ̀lẹ́ tí ikùn rẹ̀ ò yọ?
Mo bi Orest Hnatiuk,
ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ yìí,
tó ń fi ṣíbí ro kọfí, tí kò gbójú sókè.
"Bí nọ́ńbà bá dákẹ́ jù," ó ní, "dìde."

Òun ló kọ́ mi: kò gbọdọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ kún.
Bó bá gbẹ, póńpù a máa mu afẹ́fẹ́ títí a fi jóná.
Bó bá kún,
háà.

Mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́.
Níta, òtútù ti rìn kọjá ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
irun imú mi di abẹ́rẹ́.

Bàbá mi ta epo òyìnbó ní Ìkirè.
Kò ní ojú ẹ̀rọ, oríkèé ìka ló ní.
A lu àgbá láti òkè wá sísàlẹ̀:
gbàǹgàn, gbàǹgàn, gbàǹgàn,
kì.
A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀.
"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àgbá òfìfo ní ń pariwo.
Èyí tó kún tí kò sọ̀rọ̀, Fẹ́hìntọlá,
òun ni kí o máa bẹ̀rù."

Ṣùgbọ́n táǹkì yìí wọ aṣọ òtútù bíi tèmi;
bí mo bá lù ú títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní dáhùn.
Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́rin.
Mo ṣí ìdérí orí rẹ̀,
mo sọ okùn irin olórí idẹ sínú òkùnkùn.
Kò rìn jìnnà. Kò rìn jìnnà rárá.
N kò tíì ka ẹẹ́ta tó fi kan òróró.

"Orest! Ti fáàfù! Tì í!"

Póńpù mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà,
ìdákẹ́jẹ́ tó tóbi bí pápá.

Ọ̀pá tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn lọ bá ẹ̀rọ ló dì gbagidi.
Ẹ̀rọ ò purọ́. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló ń tún sọ.
Orest gbé ẹ̀rọ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbẹ irun wá
(ó ní kí n má sọ fún ọ̀gá),
a dúró tì í bí ẹni tó ń yáná fún aláìsàn.
Nọ́ńbà ta jí: mọ́kànléláàádọ́rin,
mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Orest bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, fún ọdún mẹ́ta,
ìyá mi ń bi mí, mo ń dáhùn:
dáadáa ni.
Dáadáa ni, ìgbà òjò dídì.
Dáadáa ni, oṣù tí Bọ́láńtà kó ẹrù rẹ̀ jáde.
Dáadáa ni. Pẹrẹsẹ.
Òun náà ò sì ní okùn tó gùn tó òkun.

Aago méjì òru. Ní Ìkirè, oòrùn ti gòkè,
ó ti gbálẹ̀, ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo pè é.
"Ta ní kú o? Kí ló dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?
Ṣé dáadáa?"

Mo dákẹ́ díẹ̀.
Orí idẹ ń sọ̀ kalẹ̀.