Ìwọ̀ Tí Kò Lókùn

Ọjọ́bọ̀ ni. Òórùn ẹja yíyan bá afẹ́fẹ́ ọ̀sà
wọ kíláàsì kẹrin wa ní Ẹ̀pẹ́.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì kan sókè pátákó,
kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ó tẹ̀ kọdọrọ.
"Kí lèyí?"
Kẹ́kẹ́ pa.
Sùwébátù ọmọ apẹja ló nawọ́:
"Tísà, ìwọ̀ ni. Okùn ni kò ní."

Bí mo ṣe pa ìwé dé nìyẹn.
Mo ní, ẹ gbọ́: àwa á pe "ọkọ̀ bàbá",
ọ̀rọ̀ méjì á fara ti ara wọn, ó parí;
ta ni yóò tún bèèrè ẹni tó lọkọ̀?
Òyìnbó ò gbà. Ẹni tó ni ín ni yóò kọ́kọ́ dúró,
ìwọ̀ á kọ́ ọ, "s" á so mọ́ ọn nídìí: father's boat.
Bí bàbá mẹ́ta bá dáwó jọ ra ọkọ̀ kan,
"s" á ṣáájú, ìwọ̀ á kẹ́yìn: fathers' boat.

Kàmórù ní, "Bí akàn bá pọ̀ ńkọ́?"
Crabs. "S" nìkan ti tó.
A kì í fi ìwọ̀ kọ́ ohun tí a kàn ń kà.

Mo wá kọ do not, mo fi ìka nu "o" kejì: don't.
Fọlárìn, tí eyín iwájú rẹ̀ yọ lánàá, bú sẹ́rìn-ín:
"Àyè eyín ni!"
Àyè eyín ni lóòótọ́. Àwa náà ń gbé fáwẹ́lì mì,
"ní ojú" di "lójú",
a kì í sì í sàmì sórí sàréè rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, baba Sùwébátù ti dé ẹnu ọ̀nà,
àwọ̀n léjìká, ojú kíkorò.
Ọkọ̀ tuntun ni, Muṣẹ́díkù akunlé ló kọ ọ́ lára:
GOD'S BLESSING'S.
Ọmọ ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà rẹ̀.
"Ó ní ìwọ̀ kejì ò mú nǹkan kan."
Mo gbé itọ́ mì. "Òótọ́ ló sọ, sà."
Ó wò mí títí. "Ti àkọ́kọ́ wá ńkọ́?"
"Ìyẹn mú dáadáa. Ó ní ti Ọlọ́run ni ìbùkún."
Ó mi orí, ó gba etí omi lọ.

Àpá náà ṣì wà lára ọkọ̀; mo ń rí i bí mo bá lọ ra ẹja.
N kò sì tíì sọ fún wọn pé
bí mo bá fẹ́ kọ its,
èmi tísà, ọwọ́ mi ṣì ń wá ìwọ̀ kan kiri,
mo máa ń dúró díẹ̀,
mo máa ń wo ojú omi.