Ọjọ́ Mẹ́rin Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, nítorí mo mọ àwọn ará ilé wa.
Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá
mo fa ìlà mẹ́rin: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta.
Médùpin ló fóònù láti Kàdúná:
"Àǹtí, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́.
Àwọn ọmọ ò tíì fojú kan ilé rí.
Ẹ bá wa ṣètò ẹ̀."

Ètò kẹ̀? Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó ń lọ síbi tí n ò dé.
Ó dáa.

Ọjọ́rú: Lọ́kọ́ja.
Kí wọ́n gun Òkè Pátì kí oòrùn tó mú,
kí wọ́n dúró lókè, kí wọ́n wo Ọya àti Bẹ́núè
bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀ bíi tọkọtaya tó jà lóru,
tí àwọ̀ kálukú ṣì wà lọ́tọ̀
títí wọ́n á fi gbàgbé ohun tó fa ìjà.
Ní ìrọ̀lẹ́, ẹja tútù létí odò.
Mo pa "ìrọ̀lẹ́" rẹ́, mo kọ "ọ̀sán".
Ẹ̀fọn etí odò yẹn ò mọ àlejò.

Ọjọ́bọ̀: Kábà.
Kí wọ́n tètè kọjá Ọbájànà
kí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tó jí.
Tólúhì ní òun á fi Gọ́ọ̀fù òun gbé wọn.
Gọ́ọ̀fù wo? Èyí tí wọ́n ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀?
"Epo ti wọ́n," ló wí, ó sì dárúkọ owó kan.
Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo fi í padà sójú.
Owó náà ò yí padà.
Ni mo bá fagi lé Mọ̀pà, mo fagi lé Ìsánlú.
Àwọn ará Ìsánlú á bínú. Kí wọ́n bínú.

Ní Kábà: ààfin Ọbarò, láti ìta.
Ọjà. Ilé ìwé tí bàbá wọn ti gba ìwé mẹ́wàá,
àti fèrèsé tó fi bọ́ọ̀lù fọ́.
Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́, mi ò sì rántí èwo ni;
màá nawọ́ sí èyí tó bá wù mí.

Ẹtì: oko.
Ìyékólo, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, bi mí lórí fóònù
bóyá inú agolo ni kofí ti ń hù.
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, n ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Kofí ni bàbá wa fi rán gbogbo wa nílé ìwé.
Oṣù kẹjọ nìyí; èso rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lára ẹ̀ka
bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ọwọ́,
kò tíì pọ́n, kò tíì dára fún fọ́tò.
Kó fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ náà.
Bàtà rọ́bà fún ẹni márùn-ún. Iyọ̀, nítorí eṣúṣú.
Iyán iṣu tuntun nílé Ọ̀ṣánúpìn, bí òjò bá gbà.
Òjò! Ibo ni mo kọ òjò sí?
N ò kọ ọ́ síbi kankan.
Yóò wá jókòó síbi tó bá wù ú.

Àbámẹ́ta.
Ibẹ̀ ni pẹ́ńsù ti dúró.
Mo fẹ́ kọ "ilé ìyá wa ní Ìyàmọyè".
Wọ́n ní páànù rẹ̀ ti ṣí,
ìtàkùn ti gba yàrá tí wọ́n bí Médùpin sí.
Wọ́n ní, nítorí n ò tíì débẹ̀
láti ọjọ́ tí a ti sin ín.
Kò tó wákàtí kan nínú mọ́tò.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ pé ọ̀nà ò dáa.

Tólúhì wolé, ó ní, "Òkun o, ṣé ètò ti parí?"
Mo ní ó kù díẹ̀.
Mo padà sí ìlà ọjọ́ Ẹtì, níbi tí mo ti kọ bàtà.
Mo pa márùn-ún rẹ́.
Mo kọ mẹ́fà.