Òjò Inú Géèmù Tuntun

Wọ́n tún ti sún un síwájú.
Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n kọ́kọ́ dá,
wọ́n wá ní ó di ọdún tó ń bọ̀,
bí onígbèsè tó ń ní kí o padà wá lọ́la.

Mo ti wo ìpolówó rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá.
Wọ́n ní òjò inú rẹ̀ jọ òjò gidi,
ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló ní òjìji tirẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ òjò gidi ń kán sórí tẹlifíṣọ̀n
ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Múfú ní Agbowó;
a gbé abọ́ ike sábẹ́ ibi tó ń jò,
tó, tó, tó,
a sì ń gbá bọ́ọ̀lù wa lọ.

Iye rẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ n pè é.
Owó oṣù méjì ni, nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá,
ká tó wá sọ ti dátà,
ká tó sọ ti iná tí yóò lọ
nígbà tó bá ku fínńfín kó wọlé tán.

Síbẹ̀ mo fẹ́ ẹ. N ò ní purọ́.
Mo fẹ́ ẹ bí ọmọ tó sùn láìjẹun
ṣe ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ní ká jù nù yìí,
orúkọ Láńrewájú ló wà lókè pátápátá níbẹ̀,
máàkì tó gbà lálẹ́ tó ku ọ̀la kó wọ bàálù.
Ó di ọdún mẹ́fà.
Mo lè nà án.
Tó bá wá ku ẹyọ kan péré kí n kọjá rẹ̀,
ọwọ́ mi á kàn rọ lórí pádì,
màá jẹ́ kí wọ́n pa mí.